Ìmọ́lẹ̀ Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Pè Ní Òfò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹni tí ó ń wá nǹkan kọ́ ni ó máa ń rí i nígbà gbogbo. Ìtàn tí a mú wá yìí jẹ́ ẹ̀rí sí i.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ohun kín-ín-kín tí ń gbé iná mànàmáná kọjá nínú wáyà. Bí ó bá ń sáré bọ̀ láàárín òòfà, kò ní lè lọ tààrà mọ́, òòfà yóò máa fà á yí po ni. Ní 1898, Liénard, ará Faransé, ṣírò rẹ̀ pé ohun tí ń yí po báyìí yóò máa tú ìtànṣán jáde, agbára rẹ̀ yóò sì máa dín kù. Ní 1944, Ivanenko àti Pomeranchuk ní Rọ́ṣíà kìlọ̀ pé òfò yìí yóò pààlà fún ẹ̀rọ tí a fi ń sáré ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Ní 1946, Blewett ní Amẹ́ríkà rí i pé òbíríkítí tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń tọ̀ ń sún kì, bí ìṣirò ti wí. Ó wá ìtànṣán náà títí, kò rí i. Ibi tí kò sí ni ó ti ń wá a, ìgò ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ojú rí inú.

Ní ọjọ́ 24 oṣù April, 1947, ní ìlú Schenectady, wọ́n ń lo ẹ̀rọ tuntun kan tí ìgò tirẹ̀ mọ́ gaara. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ wọn, Floyd Haber, fi dígí yọjú wo ẹ̀yìn ògiri, bóyá iná ń ṣẹ́ níbẹ̀. Ó rí ìmọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Àṣé ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fúnra wọn ni! Bí wọ́n bá dín agbára ẹ̀rọ kù, ìmọ́lẹ̀ náà á kúrò ní funfun, á di pupa.

Ní 1949, Schwinger fi òfin àtijọ́ ṣírò gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ń ṣàn bí omi. Ṣùgbọ́n Sokolov àti Ternov ní Moscow fi ìmọ̀ tuntun hàn pé kì í ṣàn. Wóró wóró ni ó ń jáde. Bí ìbọn ti í ta ẹni tí ó yìn ín sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wóró kọ̀ọ̀kan ń ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nítorí náà, bó ti wù kí ọ̀wọ́ wọn fún pọ̀ tó, ó ní ibi tí kò lè kọjá. Ní 1963, wọ́n tún fi hàn pé ìtànṣán yìí kan náà ń mú kí púpọ̀ nínú wọn kọjú sí apá kan.

Òfò ìjọ́sí ti di èrè. Òun ni àwọn onímọ̀ fi ń wo bí oògùn àti èròjà ara ẹ̀dá ṣe rí. Ní 2017, wọ́n ṣí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, SESAME, ní Jọ́dánì. Àwọn ará Íjíbítì, Pakísítánì, Ìráànì, Palẹsítínì àti Ísírẹ́lì jọ ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́ ìṣirò, ẹ̀yin ọmọ wa, ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín pẹ̀lú. Ìṣirò ti wà láti 1898. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ pé kó yọjú wò ni ó rí i.