Ta Ló Ṣì Ní Kọ́kọ́rọ́? Láti Ẹnubodè Ọ̀yọ́-Ilé Dé Ilẹ̀kùn Ọ́fíìsì Wa

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni mo gbé wá lónìí.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, a dé ọ́fíìsì wa ní ìlú Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a ò bá makirofóònù méjì mọ́. Ilẹ̀kùn ò fọ́. Àgádágodo ò ní àpá kankan. Ẹni tó wọlé ní kọ́kọ́rọ́. Ìgbà tí a wá jókòó kà á ni ojú tì wá: kọ́kọ́rọ́ méje la ti gé láàárín ọdún méjì, mẹ́ta péré la rí. Ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ mú tiẹ̀ lọ. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ mú tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá wa wá rán mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí n lọ wo ẹ̀rọ ilẹ̀kùn tó ń lo ìtẹ̀ka. Ẹni tó ń tà á ṣàlàyé títí, ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un pé, "Tí ẹ bá ti ra èyí, bàbá ọlọ́dẹ yín lè máa lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mọ́tò fi gbé mi padà dé Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀yọ́ tí à ń gbé báyìí kọ́ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí o. Àgọ́-Ọ̀jà nibí ń jẹ́ kí Aláàfin Àtìbà tó kó olú-ìlú wá síbẹ̀ ní nǹkan bí 1838. Ọ̀yọ́-Ilé gangan wà lápá àríwá, inú igbó ni ahoro rẹ̀ wà lónìí. Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1826, ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé odi amọ̀ ló yí ìlú náà ká, gíga rẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, yàrà wà lẹ́yìn rẹ̀, àyíká rẹ̀ sì tó nǹkan bíi máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnubodè mẹ́wàá péré ló wà. Gbogbo ìlú ńlá yẹn, ẹnu ọ̀nà mẹ́wàá! Ọ́fíìsì wa ní yàrá mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ méje.

Oníbodè ló ń jókòó sí ẹnubodè, ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn tó gbẹ́rù, ó sì ń mọ ẹni tó ń wọlé. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn.

Èkíní ni ilà ojú. Àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́: tí wọ́n bá ti wo ojú rẹ, wọ́n mọ ibi tí o ti wá. Wọ́n ti kọ ọ́ láti kékeré, kò sì ṣeé pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí o jẹ́ nìkan ni ilà ń sọ. Kò sọ bóyá wọ́n ní kí o wọlé.

Èkejì ni ìlárí, àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin. Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ níbí ní 1897, ṣàlàyé wọn dáadáa. (Ìwé yẹn náà rí nǹkan: àdàkọ àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní London, àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ, 1921 ló tó jáde.) Tí wọ́n bá fẹ́ fi ènìyàn jẹ ìlárí, wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ sí ìpàkọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fún un lórúkọ tó ń sọ nǹkan nípa ọba tàbí ohun tí ọba ń fẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n á máa fá orí rẹ̀ ní apá kan, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á fá apá kejì. Ẹni tó bá rí i lọ́nà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ẹni tó rán an.

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ fífá yẹn. Irun ń hù. Ìlárí tí wọn ò bá fá orí rẹ̀ mọ́, láàárín oṣù kan, orí rẹ̀ ti dà bíi ti gbogbo ènìyàn. Èrò tèmi nìyí o, Johnson ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: àmì tó ń parẹ́ fúnra rẹ̀ bí wọn ò bá tún un ṣe lágbára ju àmì tó wà títí ayé lọ. Ilà ni ìtẹ̀ka. Orí ìlárí ni káàdì.

Àwọn òyìnbó náà wá débẹ̀, ó kàn pẹ́ ni. Láàárín àwọn ọdún 1970, Tor Sørnes, ará Norway, ṣe àgádágodo hòtẹ́ẹ̀lì tó ń lo káàdì tí wọ́n lu ihò sí. Tí àlejò kan bá lọ, tí òmíràn dé, wọ́n á yí ètò ihò náà padà, káàdì ti àkọ́kọ́ á di pépà lásán.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ onítẹ̀ka ò fi wọ̀ mí lójú. Bí káàdì bá sọnù, a ó pa á rẹ́, a ó ṣe òmíràn. Bí ẹnì kan bá jí àkójọ ìtẹ̀ka wa gbé, ibo la ti fẹ́ rí ìka mìíràn? Òfin ààbò dátà tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2023 náà ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ènìyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ti bàbá ọlọ́dẹ wá kù. Ẹ rántí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí àwọn ìlú tó yí i ká ṣe ń tú, inú odi Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ènìyàn ń sá wọ̀. Obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n, tí ilé rẹ̀ ń jó lẹ́yìn, kò ní àmì kankan lọ́wọ́. Ènìyàn ló máa wo ojú rẹ̀ kó tó ṣí ìbodè fún un. Ẹ̀rọ ò lè ṣe ìyẹn.

Mo kọ èsì fún ọ̀gá mi: ká ra oníkáàdì, ká pa orúkọ ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ tó bá lọ gan-an, kí bàbá dúró, kí ìwé orúkọ àti kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó kù wà lọ́wọ́ wọn. Owó oṣù bàbá fa àríyànjiyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà.

Lọ́sẹ̀ kejì tí a fi í sí i, wọ́n mú iná lọ láti àárọ̀, bátìrì ẹ̀rọ náà sì kú. Mo dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ láti wá parí ètò tí ẹ ń gbọ́ yìí. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú.

"Ṣé o ṣì ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Ẹ kú alẹ́, bàbá. Èmi ni o!"

Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé èmi ni, ìyẹn kọ́ làwọn bi mí. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n fi ìka tọ orúkọ wá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò.