Kandahar, Ìlú Tí A Wó Tí A Sì Tún Tẹ̀dó

Ẹni tí ó bá wọ Kandahar ní ilẹ̀ Afganisítánì, tí ó rí bí àwọn ọjà rẹ̀ ti pàdé ní oríta àárín ìlú, lè rò pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn baba ńlá ibẹ̀ ti ń gbé láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ìhà ìwọ̀-oòrùn jáde, yóò bá ahoro odi lẹ́bàá òkè olókùúta kan, níbi tí a ti gbẹ́ ogójì àtẹ̀gùn sí ara àpáta. Ibẹ̀ ni Kandahar àtijọ́ wà kí Nader Shah, ọba Páṣíà, tó gbógun dé.

Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò. Ní ọdún 1709, Mirwais, olóyè ìdílé Hotak láàrin àwọn Pashtun tí à ń pè ní Ghilzai, pa Gurgin Khan, ajẹ́lẹ̀ Páṣíà tí ìnilára rẹ̀ ti sú tọmọdé tàgbà, ó sì gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì. Mahmud ọmọ rẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀: ó kó ogun wọ Páṣíà fúnra rẹ̀, ó dó ti Isfahan, olú-ìlú ibẹ̀, títí ìyàn fi mú níbẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 1722, ọba Páṣíà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé adé fún un.

Àbùkù yìí ni Nader, ọmọ ẹ̀yà Afshar, ọmọ tálákà tí idà sọ di ọba, dìde láti fọ̀ nù. Ó lé àwọn Ghilzai kúrò ní Páṣíà ní 1729, ó sì gorí ìtẹ́ ní 1736. Síbẹ̀ Hussain, àbúrò Mahmud, ṣì jókòó ní Kandahar, a kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní ọdún 1737 Nader yí ìlú náà ká, ṣùgbọ́n odi rẹ̀ nípọn, àgbá Nader kò sì ràn án. Ọgbọ́n tí ó wá dá ni ó yani lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn náà: dípò kí ó máa gbé inú àgọ́ bí àlejò tí yóò lọ lọ́la, ó kọ́ ilé-ìṣọ́ yí odi ká, ó sì tẹ ìlú mìíràn dó níwájú àwọn ará Kandahar, pẹ̀lú mọ́ṣáláṣí àti ọjà, ó pè é ní Naderabad. Lójú tèmi, ìlú yìí já àwọn tó wà lórí odi láyà ju àgbá lọ, nítorí ẹni tí ó ń kọ́ ọjà kò múra àtilọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1738 ni àwọn Bakhtiari tí ó wà nínú ọmọ ogun Nader gun odi, Hussain sì túúbá. Nader kò pa á. Ìgbèkùn Mazandaran ní Páṣíà ni ó rán an lọ. Ó wó odi àtijọ́, ó kó àwọn ará ìlú lọ sí Naderabad, ó ṣí ọ̀pọ̀ Ghilzai nípò lọ sí Khorasan, ó sì fi àwọn Abdali, Pashtun mìíràn tí òun tìkára rẹ̀ ti bá jà ní Herat, jókòó sórí ilẹ̀ náà. Inú àhámọ́ Hussain ni ó ti tú ọ̀dọ́mọkùnrin Abdali kan sílẹ̀, Ahmad Khan, ẹni tí ó wá di balógun nínú ogun Nader.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Nígbà tí àwọn ìjòyè Nader pa á ní 1747, Ahmad kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Kandahar, wọ́n fi í jọba níbẹ̀, àwọn Abdali sì di ẹni tí à ń pè ní Durrani. Naderabad kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 1761 ó tẹ Kandahar ìsinsìnyí dó, ibẹ̀ náà ni ibojì rẹ̀ wà láti 1772. Ahmad Shah Baba ni wọ́n ń pè é títí di òní, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe Mirwais ní bàbá àgbà wọn.