Ará Ẹ̀yìn Kò Rí Kòtò: Ìtàn Táyà Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ni Méjì



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, tó ti fi ìlú Leeds ṣe ibùgbé, kọ̀wé sí mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ohùn àti sílébù ló tún dé. Ó ní: "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ gun tándẹ̀mù rin 200 kìlómítà lọ́jọ́ kan. Táyà wo ni kí n rà?"

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tándẹ̀mù ni kẹ̀kẹ́ ológeere tí èèyàn méjì jọ ń wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni iwájú ló di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, òun náà ló sábà máa ń tẹ bíréèkì. Bọ̀ọ̀dá ọmọ yìí kò ríran mọ́. Àìsàn ojú ló gba ìríran rẹ̀. Ẹ̀yìn tándẹ̀mù nìkan ló ti tún lè gbádùn kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ràn láti kékeré. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wọn ti wá sọ fún àbúrò pé kó ra táyà tẹ́ẹ́rẹ́, oní-mílímítà 23, kó sì fún un ní afẹ́fẹ́ títí yóò fi le bí òkúta, torí pé èyí tó le ló ń sáré.

Mo ní kó ṣe sùúrù ná, kó má tíì sanwó. Èmi náà gba irú ìmọ̀ràn yẹn rí, mo sì rí èrè rẹ̀.

Yorùbá ní ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Òwe gidi ni, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ lórí tándẹ̀mù. Bí ẹni iwájú bá jìn sí kòtò níbẹ̀, ará ẹ̀yìn ti bá a débẹ̀ kó tó ráyè kọ́gbọ́n kankan. Ní 1981, nígbà tí mo ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti ìyàwó mi ra tándẹ̀mù àlòkù kan. Mo fi táyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, torí pé irú rẹ̀ ni mo rí lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń sáré ìje. Lọ́jọ́ kan a ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, mo di bíréèkì mú fún ìgbà pípẹ́, rímù gbóná, táyà ẹ̀yìn sì bú gbàù! Koríko ẹ̀bá ọ̀nà ló gbà wá. Ìgbọ̀nwọ́ ìyàwó mi bó, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Bí mo ṣe ń wá àwáwí, ó wò mí, ó ní: "Ẹ̀yin lẹ rí ọ̀nà. Èmi, ẹ̀yìn yín nìkan ni mò ń wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló rán mi lọ sínú ìtàn táyà. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé àwọn tó ṣáájú mọ òtítọ́ nípa táyà dáadáa, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló gbàgbé, ó sì tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Belfast. Kí afẹ́fẹ́ tó wọnú táyà, irin tàbí rọ́bà líle gbagidi ni wọ́n fi ń bo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Robert William Thomson, gba ìwé àṣẹ lórí táyà aláfẹ́fẹ́ ní 1845 fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àmọ́ ọjà rẹ̀ kò tà, ayé sì gbàgbé rẹ̀. Ní 1887, ọmọ Scotland mìíràn, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ọ̀sìn ní Belfast, tún un hùmọ̀ láìmọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe é rí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, òkúta títì ìlú náà sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Bàbá mú pákó rìbìtì kan, ó fi rọ́bà tó ní afẹ́fẹ́ nínú àti aṣọ yí i ká. Ó wá yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ náà, èyí tó ní rọ́bà líle, gba àgbàlá kọjá. Ó yí tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ti àkọ́kọ́ ṣubú kó tó dé òpin àgbàlá. Tirẹ̀ lọ títí, ó lu òpó ẹnu géètì, ó sì ta padà.

Ẹ fi ọkàn sí àgbàlá yẹn, torí a óò padà síbẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé nítorí ara ọmọdé tó ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ni bàbá yìí ṣe ṣe táyà rẹ̀. Eré sísá kàn bá a wá ni. Nígbà tí William Hume gbé táyà Dunlop wọ pápá ìje ní Belfast ní 1889, àwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó borí wọn. Ní 1891, Charles Terront lo táyà Michelin tó ṣeé yọ lára rímù, ó fi gba ipò kìíní nínú ìje Paris dé Brest àti àbọ̀, nǹkan bí 1,200 kìlómítà, láàárín wákàtí 71 àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Tándẹ̀mù wà lára àwọn kẹ̀kẹ́ tó kópa lọ́dún náà. Títí di òní wọ́n ṣì ń gun ọ̀nà Brest yìí ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, láìfi ṣe ìje mọ́, tándẹ̀mù sì ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀.

Ibo ni rọ́bà gbogbo táyà wọ̀nyí ti ń wá? Láti Brazil ni, láti Congo ni, àti láti inú igbó tiwa náà. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n. Oje igi tí onímọ̀ ewéko ń pè ní Funtumia elastica ni. Àwọn tó ń dá a ṣá igi ju bí igi ṣe lè fara dà lọ, nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn fi máa parí, ọ̀pọ̀ igi ti kú, òwò náà sì wó. Ní Congo ọba Leopold, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló bá rọ́bà jáde. Nítorí náà, bí mo bá ń gba ọmọ yìí nímọ̀ràn kó ra táyà tó máa pẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ló wà lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ ká padà sójú ọ̀nà. Kí ló mú kí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ di ààyò? Pápá ìje tó dán bí àwo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Níbẹ̀, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ iwájú kì í sì í dá a dúró púpọ̀. Àwọn tí kì í sáré ìje wá ń wo àwọn asáré. Ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan kò gbà. Paul de Vivie ni, ará Saint-Étienne, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Vélocio (1853 sí 1930). Nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Le Cycliste, ó ń wí fún àwọn arìnrìn-àjò pé kí wọ́n lo gíà púpọ̀ àti táyà fífẹ̀ tí a kò fún ní afẹ́fẹ́ jù. Àwọn tó tẹ̀ lé e gba ìmọ̀ràn rẹ̀, wọ́n sì gun tándẹ̀mù kọjá òkè ńlá. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn asáré ló ròkè. Nígbà tí yóò fi di 1980 sí 1990, táyà mílímítà 20 ti wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹni tó kàn ń najú lásán.

Àwọn ilé àyẹ̀wò náà dá kún un. Orí irin rìbìtì tó dán ni wọ́n ti ń yí táyà wò, láìsí èèyàn lórí rẹ̀. Níbẹ̀, òótọ́ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni táyà ń yí gere tó. Àmọ́ títì kì í dán bí irin. Láti 2006, Jan Heine àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìwé ìròyìn Bicycle Quarterly ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò náà jáde sí títì gidi, pẹ̀lú èèyàn lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n rí i pé táyà fífẹ̀ tí ara rẹ̀ rọ̀ kì í falẹ̀ ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Agbára tó yẹ kó gbé kẹ̀kẹ́ lọ síwájú, gbígbọ̀n ló ń jẹ ẹ́ nínú ara ẹni tó ń gùn ún. Jìgìjìgì yẹn gan-an ló ń tan wá jẹ, tí a fi ń rò pé à ń sáré. Ẹ ẹ̀ rí i, inú àgbàlá Dunlop la tún padà sí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún ẹnì kan nìyẹn. Ti tándẹ̀mù tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 75, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti ẹrù tó jẹ́ 20, di 95. Táyà ẹ̀yìn á gbé nǹkan bí 57 níbẹ̀. Àwọn méjì tó wọn 75, pẹ̀lú tándẹ̀mù àti ẹrù tó jẹ́ 30, di 180, táyà méjì náà ló sì tún máa gbé e. Nǹkan bí 90 nìyẹn lórí ìkọ̀ọ̀kan. Kí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè ru èyí láìjẹ́ kí rímù fẹnu gbo títì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á pọ̀ débi pé eegun ni ẹ ó fi máa ka òkúta. Táyà fífẹ̀ ní àyè, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á gbé ẹrù náà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Frank Berto, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, fún wa ní òṣùwọ̀n tó rọrùn: nígbà tí ẹ bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí táyà tẹ̀ wálẹ̀ ní ìdá 15 nínú 100 gíga rẹ̀.

Ó ku ìṣòro kan, ti iṣẹ́ mi sì ni. Orúkọ. Bí ẹ bá kọ i-g-b-a láìfi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá igba ni, igbá ni, àbí ìgbà? Táyà náà ní ìṣòro yìí. Táyà "28" tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko, 28 × 1½, rímù mílímítà 635 ló ń wọ̀. "28" mìíràn wà tó jẹ́ ti rímù 622, òun kan náà ni àwọn Faransé ń pè ní 700C. Ẹ ra ọ̀kan fún èkejì, kò ní wọ̀ láé. Àmì ohùn táyà ni nọ́ńbà tí àjọ ETRTO ilẹ̀ Yúróòpù fi lélẹ̀: 37-622 túmọ̀ sí pé táyà fẹ̀ ní mílímítà 37, ibi tó ti jókòó lórí rímù sì jẹ́ 622 ní ìdábùú. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kà. Ẹ fi orúkọ yòókù sílẹ̀ fún olùtajà.

Èsì mi fún ọmọ náà nìyí: wo rímù rẹ, ka nọ́ńbà rẹ̀. Wọn àyè tó wà láàárín férémù àti bíréèkì, kí o sì ra èyí tó fẹ̀ jù tó lè wọlé láìha férémù, láti 32 lọ sókè. Bí 37 tàbí 40 bá wọlé, dúpẹ́. Kí ara rẹ̀ rọ̀, àmọ́ kó má fẹ́lẹ́ jù. Má ṣe kọjá ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára táyà àti ti rímù, torí bí táyà bá ṣe fẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fa aṣọ rẹ̀ tó. Bí òkè bá wà lọ́nà, wá bíréèkì tí kì í mú rímù gbóná, kó má baà ṣe ọ́ bó ṣe ṣe èmi. Kí o sì máa pariwo "Kòtò o!" kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè gbé ìdí sókè díẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń ronú táyà.

Mo ka èsì náà sí ìyàwó mi létí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó fọwọ́ pa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ fún un pé kó bi ẹni ẹ̀yìn náà." Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ọmọ náà bi bọ̀ọ̀dá rẹ̀ lóòótọ́. Bọ̀ọ̀dá ní kó ra èyí tó fẹ̀.