Ìbọn Ọdẹ àti Owó Ìwé-Àṣẹ Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Kétu

Ní 1886 ni ogun Dahomey wó Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Lẹ́yìn ọdún 4, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n fi àdéhùn dí ọ̀nà ìbọn tí ń wọ ilẹ̀ adúláwọ̀. Síbẹ̀ àdéhùn náà ya ìbọn olókùúta-ìṣáná, irú ṣákábùlà ọdẹ wa, sọ́tọ̀ sí ìbọn ìgbàlódé: a lè gbà á láàyè. Àwọn tí ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ náà!

Àdéhùn ECOWAS ti 2006, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá, ní kí ìbọn máa ní ìwé-àṣẹ, kí a sì forúkọ àwọn tó ń rọ ìbọn sílẹ̀. N kò bá a jà. Ará Idigny, tí ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí, mọ ohun tí ìbọn adigunjalè lè ṣe.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òfin Benin má ṣe da ṣákábùlà pọ̀ mọ́ ìbọn ogun. Kí owó ìwé-àṣẹ rẹ̀ má ju agbára àgbẹ̀ lọ, kí a sì lè gbà á ní Kétu níbí. Bí ó bá wọ́n jù, inú àjà ni ìbọn yóò sá sí, ìjọba kò sì ní mọ iye rẹ̀. Bí àgbà ọdẹ bá sì papò dà, kí ni a ó fi yìnbọn ẹ̀yẹ fún un? Kí àwọn olórí ọdẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ààfin Alákétu, kí ó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ní Porto-Novo.