Gáà Kì Í Ṣe Àlejò Àná
Nígbà tí igbó Ìjẹ̀ṣà ṣì dí, eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kì í jẹ́ kí màlúù oníké láti Òkè Ọya pẹ́ níbẹ̀. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ibẹ̀ lọ títí dé Kánò. Oko pẹ̀lú ń jẹ igbó run. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Fúlàní ṣe ń tọrọ ilẹ̀, tí wọ́n ń tẹ gáà dó, tí ìyàwó wọn ń ta wàrà fún wa.

Lónìí, màlúù ń jẹ oko olóko, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn. Ní oṣù Karùn-ún 2021, àwọn gómìnà Gúúsù fẹnu kò ní Àsàbà pé kí fífi ẹran jẹko káàkiri dópin. Ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kí darandaran má rìn mọ́ gbọ́dọ̀ fi ibi tí yóò dúró sí hàn án.