Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Rẹ́jísítà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe WAEC ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, ṣé ẹ ṣì rántí ọjọ́ tí ẹ kọ péépà tó gbẹ̀yìn? Tiwa bọ́ sí ọdún 2006. Ẹni tó ń ṣọ́ wa kò tíì ka ìwé ìdáhùn tán tí máàkà ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lábẹ́ tábìlì. Kí a tó dé ẹnu géètì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí àwọn ìyá wa ń fi búlúù fọ̀ fún wa ti di ìwé. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tí a kọ síra wa lẹ́yìn:

"Alága Apẹ́lẹ́yìn: ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń pẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ ilé wọn ló dojú kọ géètì ilé-ìwé."

"NEPA: ẹ̀rín rẹ̀ á tàn yòò, tíṣà á yọjú, ó parí."

"Báńkì Báírò: a ò rí i kó ra báírò rí, ṣùgbọ́n márùn-ún kì í wọ́n lápò rẹ̀. Tìrẹ wà níbẹ̀."

"Pásítọ̀: àdúrà rẹ̀ ní àsẹ́ńbìlì ló máa ń jẹ píríọ́dù Máàsì tán. Ọlọ́run á bù kún un."

"Pẹ̀lẹ́: ọdún mẹ́ta la ò fi gbóhùn rẹ̀. Ọjọ́ tó máa sọ̀rọ̀, iná ló ń jó kọ́tìnì láàbù. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, a ò gbọ́."

Ẹ má rò pé yẹ̀yẹ́ lásán ni o. Ẹni tó kọ ti Pẹ̀lẹ́ yẹn ti jókòó tì í fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tí kò wò ọ́ dáadáa kò lè fi ọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ tó bá ọ mu.

Ṣé orí ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni? Slum book ńkọ́! Nóòtù tí à ń gbé kiri kíláàsì: orúkọ rẹ, ìnagijẹ rẹ, oúnjẹ tí o fẹ́ràn jù, àwọ̀ tó wù ọ́, ọjọ́ tí inú rẹ dùn jù, ẹni tí ọkàn rẹ ń fà sí (gbogbo wa la máa ń kọ "kò sí", irọ́ pátápátá). Lójú ewé tó gbẹ̀yìn, olúkúlùkù á kọ ohun tó rò nípa ẹni tó ni ìwé.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ wa ní ká ṣe ìwé ìrántí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa méjì tí a ń fi kóòdù jẹun nínú sẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí "ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà". Ẹni tó bá ti ṣe database rí á mọ̀ pé ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí a ó fi dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, tí kò ní í bá ti ẹlòmíì dọ́gba, tí kò sì ní í yí padà. A kọ́kọ́ lo orúkọ inú rẹ́jísítà. Kò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Àwọn kan tí orúkọ bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ifá ti fi Jésù rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó wà ní Kánádà ti gé tiwọn kúrú kí ahọ́n òyìnbó má baà kán. Nọ́ńbà WAEC ńkọ́? Dígíìtì mẹ́wàá ni: méje àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé-ìwé, mẹ́ta tó kù ni ti ọmọ. Kò sẹ́ni tó rántí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe kọ "Báńkì Báírò" sórí WhatsApp báyìí, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló dáhùn, mẹ́rin nínú wọn sì ń béèrè báírò wọn.

Ìyẹn ló mú wa béèrè: ibo gan-an ni àṣà yìí ti wá? Àwọn kan á ní ọ̀dọ̀ òyìnbó ni, nínú yearbook àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìwé lè jẹ́ ti òyìnbó o. Ká wo èèyàn ká fún un lórúkọ, tiwa ni.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ nípa àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Ọ̀dọ̀ àgbà ni irú orúkọ wọ̀nyí ti ń wá sọ́dọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kan tún wà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló ń fún àwọn tó bá nílé: ìyàwó. Láyé àtijọ́, àti láwọn ilé kan títí dòní, ìyàwó kì í pe àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ní orúkọ àbísọ, kódà kó jẹ́ ọmọdé ló bá níbẹ̀. Á fara balẹ̀ wò wọ́n, á wá fún wọn ní tirẹ̀: Eyínfúnjowó, Adúmáradán, Òpéléńgẹ́, Ìbàdíàrán, Akọ̀wé. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni? Ọmọ JSS 1 dé àárín àjèjì, ó wo ojú, ó wo ìrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ.

Nígbà tí CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1859 lábẹ́ Thomas Babington Macaulay, ọmọ mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́fà kò nílò rẹ́jísítà kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń jẹun jù láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé girama ń pọ̀ sí i: ti Abẹ́òkúta ní 1908, ti Ìjẹ̀bú-Òde ní 1913, Government College Ìbàdàn ní 1929. Ibẹ̀ ni Adégòkè Adélabú ti kàwé. Nígbà tó di olóṣèlú, ó sọ "peculiar mess" jáde lẹ́nu, àwọn tí kò gbọ́ òyìnbó gbọ́ "Penkelemẹ́sì", ó sì di orúkọ rẹ̀ títí dòní. Wọlé Ṣóyínká náà kàwé níbẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ Aké tó jáde ní 1981, bàbá rẹ̀ tí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ jẹ́ S.A. ti di "Essay".

Ní 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Láti 1979, àwọn gómìnà ẹgbẹ́ UPN sọ girama náà di ọ̀fẹ́. Ohun rere ni jàre, òun ló mú ọ̀pọ̀ òbí wa wọ kíláàsì. Àmọ́ kíláàsì tó kún máa ń sọ ọmọ di nọ́ńbà. Nígbà tiwa, àwa bí àádọ́rin la jọ wà nínú yàrá kan. Tíṣà wo ló fẹ́ mọ̀ wá tán? Àwa la mọ ara wa. Slum book ni rẹ́jísítà tí àwa ọmọ fúnra wa kọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 yẹn gan-an ni Facebook ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. "Face book" ni wọ́n ń pe ìwé orúkọ àti àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kan. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ohun tó wù ọ́, ẹni tí ò ń fẹ́: slum book náà kọ́ nìyẹn? Àmọ́ níbẹ̀, ìwọ lò ń ròyìn ara rẹ. Nínú slum book, ẹlòmíì ló ń ròyìn rẹ.

Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ká wa lára. Obìnrin kan wà nínú sẹ́ẹ̀tì wa tí kò dá wa lóhùn fún oṣù méjì. Nígbà tó máa fèsì, ó ní: "Tí ẹ bá máa kọ orúkọ yẹn, ẹ yọ mí kúrò." Ìrìn rẹ̀ la fi sọ ọ́ lórúkọ náà, a ò sì ní tún un kọ síbí. A ti rò pé ó ń bá wa rẹ́rìn-ín ni. A wá lọ wo slum book mẹ́ta tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa. Níwájú "ìnagijẹ", kò kọ nǹkan kan. Òfo ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti sọ ọ́ fún wa láti ọjọ́ yẹn, a ò kà á ni.

Ìgbà náà ló wá yé wa ohun tí ìyàwó ayé àtijọ́ mọ̀. Inú ilé yẹn ló máa dàgbà sí, òun àtàwọn tó ń sọ lórúkọ ni wọ́n jọ máa gbé. Orúkọ tó bá fún ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ á gbọ́ táá fi ẹ̀rín jẹ́. Orúkọ tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ jẹ́, èébú ni.

A bẹ̀ ẹ́. A ní kó sọ ohun tó fẹ́ kí ìwé ìrántí sọ nípa òun. Ọjọ́ kẹta ló fèsì: "Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo máa ń kó nóòtù yín lọ sí staff room, mi ò sì kọ orúkọ ẹni tí kò ṣe assignment sílẹ̀ rí."

Gbogbo gúrúpù pa lọ́lọ́. Gbogbo ọdún yẹn, a rò pé tíṣà Àgírìkì ló láàánú. Alága Apẹ́lẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣíwájú ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ó kọ: "Adínàpàṣán!"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, "Èyí, mo lè jẹ́ ẹ."

Orúkọ tó wà nínú ìwé ìrántí wa báyìí nìyẹn. Bí slum book tiyín bá ṣì wà nínú àpótí nílé ìyá yín, ẹ lọ gbé e jáde. Ẹ ka ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí ẹnì kan fi sílẹ̀ lófo.