Fìlà Captain Goldman àti Ìdè Ọmọ Awo

Nígbà tí ọmọ awo bá wọ iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan kì í pẹ́ dé ilé ẹni tó tẹ̀ ẹ́: ṣé kí ó bọ́ ìdè ọwọ́ rẹ̀ ni, àbí kí ó fi sílẹ̀? Àwọn kan á ní kí ó fi pamọ́. Àwọn mìíràn á ní kò sí ìjọba tó lè bọ́ ohun tí Ifá so mọ́ni lọ́wọ́. Kì í ṣe olórìṣà ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn adájọ́ tó ga jùlọ ní ilẹ̀ náà. Júù kan ni, fìlà kékeré kan ló sì fà á.

Simcha Goldman ni orúkọ rẹ̀. Rábì ni, ó sì di ẹ̀sìn rẹ̀ mú ṣinṣin. Owó ẹgbẹ́ ológun ló fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá ní yunifásítì Loyola ní Chicago. Nígbà tó parí, ó di captain nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú, wọ́n sì fi í sí ilé ìwòsàn ibùdó March ní California, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Nínú ilé, ó máa ń dé fìlà pẹlẹbẹ tí àwọn Júù ń pè ní yarmulke. Bó bá jáde síta, á dé fìlà iṣẹ́ lé e. Ẹnikẹ́ni kò bá a wí.

Ní oṣù kẹrin 1981, wọ́n pè é lọ jẹ́rìí fún olùjẹ́jọ́ kan ní kóòtù ológun. Ó lọ tòun ti fìlà rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìhà kejì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá ilé ìwòsàn, nítorí ìlànà ẹgbẹ́ náà ní kí ẹnikẹ́ni má dé fìlà nínú ilé, àfi ọlọ́pàá ológun tó gbé ìbọn lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ní kí ó máa dé e nínú ilé ìwòsàn nìkan. Nígbà tí agbẹjọ́rò Goldman fi ẹ̀hónú hàn, ọ̀gá fi òfin de fìlà náà nínú ilé ìwòsàn pàápàá. Wọ́n kọ ìwé ìbáwí sí i, wọ́n kìlọ̀ pé ó lè fojú ba kóòtù ológun, wọ́n sì fa ìwé padà tí wọ́n fi dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi kún ọdún iṣẹ́ rẹ̀.

Ó pe ẹjọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1986, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́bi, adájọ́ 5 sí 4. Adájọ́ Rehnquist kọ̀wé pé ológun nílò ìgbọràn àti ìṣọ̀kan, àti pé kò tọ́ kí adájọ́ fi èrò tirẹ̀ rọ́pò èrò àwọn ọ̀gá ológun lórí aṣọ iṣẹ́.

Ohun tí Adájọ́ Stevens fi kún un ni ó yẹ kí olórìṣà kíyè sí. Ó káàánú Goldman. Ṣùgbọ́n ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí a bá gba fìlà kékeré yìí, kí ni a ó sọ fún ẹlẹ́sìn Sikh tó wé láwàní, tàbí fún Rasta tó dá irun rẹ̀ sí? Bí ìjọba bá gba ohun tí ojú ti mọ̀, tó sì kọ ohun tí ojú kò tíì rí, ẹ̀sìn ló ń ṣà yẹn. Nítorí èyí ló ṣe dúró ti ìlànà kan fún gbogbo ènìyàn. Adájọ́ Brennan, tó wà lára àwọn mẹ́rin tó kọ̀, tọ́ka sí i pé ìlànà kan náà gba òrùka mẹ́ta àti ẹ̀gbà ọwọ́ kan láàyè. Níbo wá ni ìṣọ̀kan aṣọ wà?

Fún ẹni tí ìṣe rẹ̀ ti Ilẹ̀ Yorùbá wá, ìjà yìí lè jọ ohun àjèjì. Jagunjagun tó lọ sí ogun Kírìjì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò mọ aṣọ ogun lọ́tọ̀ kí ó mọ ohun ẹ̀sìn lọ́tọ̀. Oǹdè tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀wù àti ìfúnpá tó so mọ́ apá wà lára aṣọ ogun náà. Ṣùgbọ́n ológun òde òní gbà pé bí gbogbo wọn bá rí bákan náà ni wọ́n fi lè jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ awo tó wọ aṣọ yẹn wà láàárín èrò méjèèjì.

Ilé Aṣòfin ló tún ọ̀rọ̀ Goldman ṣe. Ní oṣù kejìlá 1987, òfin tuntun jáde: ológun lè lo ohun ẹ̀sìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, àfi bí yóò bá dí iṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí bí kò bá mọ́ níwọ̀n, tó ń pe àfiyèsí jù. Ta ni yóò wá sọ pé ohun kan pe àfiyèsí jù? Àwọn ọ̀gá ni. Fìlà Júù wọlé, láwàní Sikh dúró síta. Ohun tí Stevens bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

Ní 1993, ohun méjì yí padà. Ní oṣù kẹfà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ilé ìjọsìn Lukumi Babalu Aye láre nínú ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìlú Hialeah ní Florida, tó fi òfin de ẹbọ ẹran. Ẹjọ́ ológun kọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀gá tó lè sọ pé ìsìn òrìṣà kì í ṣe ẹ̀sìn lójú òfin. Ní oṣù kọkànlá, òfin mìíràn jáde pé ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ di ẹrù wíwúwo ru ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni láìní ìdí pàtàkì. Ó de ológun pẹ̀lú.

Síbẹ̀, àwọn Sikh ní láti béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2009, dókítà Kamaljeet Singh Kalsi gba àṣẹ láti wọṣẹ́ pẹ̀lú láwàní àti irùngbọ̀n. Simratpal Singh gé irun rẹ̀ nígbà tó wọ West Point. Ní 2016 ló tó gba àṣẹ láti padà sí ìṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2017, ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ wá sọ láwàní, irùngbọ̀n àti híjáàbù di ohun tí ọ̀gá bìrìgéèdì lè fọwọ́ sí.

Èyí kan ìdè gan-an. Ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀wù, tí kò hàn, tí kò sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Ìdè ọwọ́ lè bọ́ sábẹ́ ìlànà ẹ̀gbà ọwọ́. Ohun tó bá hàn ju ìyẹn lọ, ìwé ni kí ológun kọ, kí ó ṣàlàyé ohun tó jẹ́ àti ìdí tí kò fi gbọdọ̀ kúrò lára. Ti aṣọ funfun ọdún kan tí ìyàwó ń wọ̀ nínú ìlànà Lukumí yàtọ̀, nítorí ipò aṣọ iṣẹ́ ló ń gbà. Kí ẹni tó fẹ́ tẹ ológun béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá ọjọ́.

Goldman kò jàre ní kóòtù, ṣùgbọ́n àwọn Júù tó wọṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ń dé fìlà wọn. Ọmọ awo tó bọ́ ìdè rẹ̀ sápò láìbéèrè lè sin ìlú rẹ̀ fún ogún ọdún kí ọ̀gá kankan má mọ̀ pé olórìṣà wà nínú ẹgbẹ́ náà. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ojú tí kò rí ìdè rí ni yóò tún bá pàdé.